Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí kókó tó ń hù láti ihò irun

Kókó kan yọ sójú, kò dunni, kò yúnni, ó sì ti pé ọdún kan níbẹ̀. Ẹni tó ni ojú ní irorẹ́ ni, dókítà náà wò ó fìrí, ó gbà bẹ́ẹ̀. Irorẹ́ wo ló ń dúró sójú kan fún odidi ọdún láì pọ́n, láì tú? Ẹ má fi ojú lásán pa á tì.

Ọ̀pọ̀ kókó ihò irun kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wàhálà wọn ni pé wọ́n jọ ọ́. Trichoepithelioma, ọ̀kan nínú àwọn kókó wọ̀nyí, ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí òun àti basal cell carcinoma, tó jẹ́ jẹjẹrẹ gidi, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé yà sọ́tọ̀ lójú. Àṣìṣe tó ń dá kún un ni kí a kàn fi abẹ fá orí kókó náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ránṣẹ́ sí láàbù. Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Nínú jẹjẹrẹ yẹn, àlàfo sábà máa ń là láàárín ìdì sẹ́ẹ̀lì àti ẹran tó yí i ká. Nínú trichoepithelioma, ẹran náà máa ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, inú ẹran fúnra rẹ̀ ni àlàfo ti ń là. Awọ tí a fá lórí kò lè fi èyí hàn. Ẹ gé e jinlẹ̀. Àwọn aró bíi CK20, tí láàbù fi ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan hàn, ń ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ kò sí aró kan ṣoṣo tó tó fi dájọ́.

Ti pilomatricoma, kókó ihò irun mìíràn, tún yàtọ̀. Àwọn ọmọdé ló sábà máa ń ní in, ní orí tàbí ọrùn, ó sì máa ń le bí òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ awọ nítorí kálísíọ́mù inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí a fi fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lè tan èèyàn jẹ níbẹ̀: bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tuntun nìkan ló fà, tí kò kan àwọn tó ti kú tí àárín wọn ṣófo, wọ́n lè pè é ní jẹjẹrẹ.

Bí irun funfun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bá ń jáde láti ojú ihò kan láàárín kókó, ẹ má fà á tu kí dókítà tó rí i. Trichofolliculoma, tí òun náà jẹ́ kókó ihò irun, ló sábà máa ń ní irú àmì yẹn.

Fọ́ọ̀mù láàbù ńkọ́? "Kókó ojú" nìkan ni àwọn kan ń kọ! Ọjọ́ orí, ibi tó wà, ìgbà tó ti wà níbẹ̀, iye rẹ̀: ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì ju ohun tí ẹ gé nù torí pé ó kéré.

Iye yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Kókó ihò irun tó ń jẹ́ fibrofolliculoma, bó bá pọ̀ lójú àti lọ́rùn, lè jẹ́ àmì àrùn Birt-Hogg-Dubé, tí àwọn dókítà mẹ́ta ṣàpèjúwe ní 1977. Àrùn ìdílé ni. Ó lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró jò, ó sì lè fa jẹjẹrẹ kíndìnrín. Kókó ihò irun míì, trichilemmoma, bó bá pọ̀, ń tọ́ka sí àrùn Cowden, tó ń mú ewu jẹjẹrẹ ọmú àti ti tairọ́ìdì pọ̀ sí i. Ẹni tó fi iná lésà jó gbogbo rẹ̀ nítorí ẹwà, tí kò bi aláìsàn nípa òbí àti àbúrò rẹ̀, tí kò sì ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò, kò tíì ṣàyẹ̀wò kankan.