Bí ẹ ṣe lè bá wọn gé ìwo àgbáńréré ní Gúúsù Áfíríkà

Ìwo àgbáńréré, ẹran tí òyìnbó ń pè ní rhino, kì í ṣe egungun. Irú ohun tí èékánná wa jẹ́ lòun náà jẹ́. Tí wọ́n bá gé e dáadáa, kì í dun ẹran náà, á sì tún hù. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn tó ń jí ẹran pa ń wá kò sí lórí rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Àwọn ibùdó ẹran aládàáni kan ní KwaZulu-Natal máa ń jẹ́ kí àlejò bá wọn ṣe é, pàápàá láti oṣù Karùn-ún sí Ìkẹjọ tí oòrùn kì í mú púpọ̀. Owó àlejò ni wọ́n fi ń san ti hẹlikọ́pítà àti òògùn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè dókítà ẹran tó máa ṣe é àti ìwé àṣẹ wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ń gbé ọmọ kìnnìún fún àlejò láti fi ya fọ́tò, ẹ má lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ nílò físà àti yellow card, ìwé tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára yellow fever. Kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti pé ọjọ́ 10 ó kéré tán kí ẹ tó wọ ìlú wọn.

Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí ewé, ẹ má fín lọ́fínńdà. Láti inú hẹlikọ́pítà ni dókítà á ti yìnbọn abẹ́rẹ́ oorun sí ẹran náà. Etorphine ni òògùn ibẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn, nítorí náà ẹ má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́ sílẹ̀. Láìpẹ́, ẹran náà á máa gbé ẹsẹ̀ sókè sókè bí ẹni ń wọ́dò, á wá kúnlẹ̀. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ títí wọn á fi pè yín. Wọn á fi aṣọ bo ojú rẹ̀, wọn á di etí rẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ sókè.

Mímí ẹran náà lẹ máa kà, òun gan-an sì ni iṣẹ́. Òògùn yẹn máa ń dín mímí kù, ibẹ̀ ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ihò imú rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ èémí gbígbóná. Ẹ fi aago ka ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ sọ iye rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ̀wé. Kí ẹ ti bi dókítà tẹ́lẹ̀ pé iye wo lẹ máa rí tí ẹ ó fi pariwo. Ẹni tó bá mú fóònù lọ́wọ́ láti ya fọ́tò kò ní lè kà á bó ṣe yẹ. Bí ara ẹran náà bá gbóná kọjá 39°C, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì, ẹ da omi sí i lára. Wọ́n tún lè ní kí gbogbo yín tì í: ara rẹ̀ lè wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì, ẹsẹ̀ tó bá fi sùn pẹ́ lè kú.

Ayùn onímọ́tò ni wọ́n fi ń gé e, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 sí ìdí ìwo; tó bá wálẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á jáde, ìwo á sì hù wọ́. Ẹ ó gbọ́ òórùn bí irun tó jóná. Gbogbo èérún rẹ̀ ni wọ́n máa kó sórí tàpólì, ẹ má fi ìkankan sápò: CITES, òfin àgbáyé lórí òwò ẹranko ìgbẹ́, kò gbà á.

Kí gbogbo yín padà sínú ọkọ̀ kí dókítà tó gún un ní abẹ́rẹ́ ìjí ní iṣan etí, nítorí láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì ló máa dìde. Lẹ́yìn oṣù 18 sí 24, wọn á tún gé e.

Kí ẹ tó gbé fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa location fóònù yín, ẹ má sì dárúkọ ibùdó. Kùkùté tó ṣẹ́kù sórí rẹ̀ ṣì tó ohun tí olè lè torí ẹ̀ pa á.