Bí a ṣe ń dá iṣẹ́ àti ìkọ́ṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ sílẹ̀ ní àdúgbò tí owó ò ti pọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ sílẹ̀ ní irú àdúgbò bí Ajégúnlẹ̀ ní Èkó kò gbọdọ̀ fi kọ̀ǹpútà rírà bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì rìn yí àdúgbò ká pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí ó máa bi àwọn oníṣọ́ọ̀bù léèrè ohun tí wọ́n ń sanwó fún níta: ibo ni wọ́n ń gbé fóònù tó bàjẹ́ lọ, ta ló ń tún ínfátà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wọn ṣe, ta ló ń bá wọn ya àwòrán ìpolówó? Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ojú mi ti rí ibùdó tó kọ́ ogún ọmọ, tó fún gbogbo wọn ní sàtífíkéètì, tí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn kò sì rí oníbàárà.

Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ tọ̀. Ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn bàbá wa mọ̀ náà ló gbé ọjà Computer Village ró ní Ọ̀tìgbà, Ìkẹjà: ọ̀gá gba ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù, òun náà ya ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba ọmọ tirẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀ gan-an, àjọ Paradigm Initiative, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà, ó sì fi ìmọ̀ nípa owó àti òwò ṣíṣe kún un.

Èmi yóò fi àtúnṣe fóònù bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sí ilé tí fóònù kì í ti í bàjẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù oníbàárà rárá. Ẹ ra òkú fóònù lọ́wọ́ àwọn tó ń kó irin àlòkù, kí ó tú u, kí ó sì to síkúrù sórí bébà bí ó ṣe ń yọ wọ́n, nítorí pé síkúrù gígùn tí a bá dè sí ojú ihò kúkúrú lè gún pátákó inú fóònù, kí fóònù tó wá fún iṣẹ́ kékeré sì di òkú pátápátá. Lẹ́yìn náà, kí ó fi mítà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn fóltì, wo ojú ibi tí a ń ki wáyà ṣájà bọ̀. Bí fóltì 5 bá dé ibẹ̀ tí fóònù kò sì gba iná, a jẹ́ pé ṣájà kọ́ ló lẹ́bi, inú fóònù ló yẹ kó wò. Ẹni tí kò mọ èyí ni yóò kàn máa sọ fún gbogbo oníbàárà pé bátìrì wọn ti kú. Ẹ kìlọ̀ fún un pẹ̀lú pé àwòrán inú fóònù ẹlòmíràn kì í ṣe ohun wíwò.

Ìwé àdéhùn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Òbí àti onídùúró gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, kí iye oṣù àti ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù sì hàn nínú rẹ̀. Láti oṣù kẹta, ẹ máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpín lórí iṣẹ́ tó bá ṣe, nítorí ọmọ tí kò ní owó ọkọ̀ kò lè fi ọdún kan gbáko kọ́ṣẹ́ lófìfo. Yóò sá lọ gun ọ̀kadà. Ẹ bi àwọn ọmọbìnrin léèrè àkókò tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, torí púpọ̀ wọn ló ń bá ìyá wọn tajà nírọ̀lẹ́.

Ti iná ló máa ń tú àṣírí. Láptọ́ọ̀pù mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo wọ́ọ̀tì 50 ń jẹ wọ́ọ̀tì 500. Bátìrì ínfátà olómi kan, fóltì 12 àti 200Ah (Ah ni ìwọ̀n iye iná tí bátìrì lè kó), kó wọ́ọ̀tì-wákàtí 2,400, ìyẹn 12 lọ́nà 200, ṣùgbọ́n a kì í fà á kọjá ìdajì, 1,200, bí a bá fẹ́ kó pẹ́, nítorí náà kíláàsì wákàtí méjì péré ló lè gbé. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó kéde àkókò ẹ̀kọ́, kí ẹ sì jìnnà sí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń jẹ iná.

Ìgbà tí owó àtúnṣe bá ti ń san owó ilé ni kí ẹ tó mẹ́nu kan kíkọ ètò kọ̀ǹpútà (coding). Ètò 3MTT (3 Million Technical Talent) tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹni tí kò ní dátà, iná àti ibi jókòó kò lè jàǹfààní rẹ̀. Ẹ fi ibùdó yín ṣe ibi jókòó yẹn fún àwọn méjì tàbí mẹ́ta tí kò pa ọjọ́ kankan jẹ nídìí iṣẹ́ fóònù, kí ẹ sì forúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, torí pé bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn, ìwé yẹn ni yóò kọ́kọ́ béèrè.