Ọgbẹ́ Tí Mo Fi Sítáàsì Ṣe

Owó yẹn ṣì ń dùn mí. Àpótí ọgbẹ́ àtọwọ́dá kan ni mo rà láti òkè òkun, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, owó tí mo san sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba yàrá kan fún ọdún kan gbáko ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Nígbà tí mo tú u, àwọ̀ ara òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ apá akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní, "Mà, ara ta ni ẹ gé lẹ̀ mọ́ mi yìí?" Ẹni tó tà á ní òun kì í gba ọjà padà.

Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ni mo ń kọ́ wọn. Bí mo bá kàn sọ fún ọmọ pé "ká ní ọ̀kadà gbá ẹni yìí, ẹ̀jẹ̀ ń dà," ẹ̀rín ni yóò máa rín. Àmọ́ tó bá rí i tó ń kán sílẹ̀, ọwọ́ á gbọ̀n, á sì gbàgbé ìbọ̀wọ́. Ìgbàgbé yẹn ni mo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ níwájú mi, kí ó má jẹ́ pé ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni yóò ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí i.

Ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá kò le ṣe rárá. Ẹ se ṣúgà nínú omi títí yóò fi máa fà, ẹ fi aró pupa àwọn tó ń ṣe kéèkì sí i, kí ẹ sì bu ìyẹ̀fun kòkó díẹ̀ sí i kí ó má baà pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Eṣinṣin ló kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀jẹ̀ gidi ni.

Ojú ọgbẹ́ gan-an ló fìyà jẹ mí. Ibi gbogbo tí mo ti kà nípa rẹ̀, jẹ́látìn, ìyẹ̀fun tó ń mú omi dì bí ẹ̀kọ, ni wọ́n ní kí n lò: yọ́ ọ nínú omi gbígbóná, fi gilisẹ́ríìnì sí i, dà á sórí àwo, ṣí i, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara. Wọ́n ní yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bẹ́ẹ̀ ni, níbi tí yìnyín ti ń bọ́! Kí ooru tó dé 35°C ni jẹ́látìn ti ń yọ́, inú ara èèyàn fúnra rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 37°C. Ẹ wá ro oòrùn ọ̀sán oṣù Máàṣì mọ́ ọn, nínú kíláàsì onípáànù. Kí ọmọ tó ń tọ́jú aláìsàn tó ya báńdéèjì, ọgbẹ́ ti kúrò ní ìgbọ̀nwọ́, ó ti dé ọrùn ọwọ́. "Mà, ó ń rìn o!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì dàrú.

Mo fi jẹ́látìn kún un. Ó le, etí rẹ̀ sì ń ṣí. Mo ní kí n gbé e sínú fíríìjì. Wọ́n mú iná lọ. Mo po fúláwà mọ́ Vaseline, òun náà ń yọ̀ lára ẹni tó ń làágùn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sídìí "ká ní."

Adìrẹ ẹlẹ́kọ ló wá sí mi lọ́kàn. Ṣebí ẹ̀kọ láfún máa ń gbẹ mọ́ aṣọ nínú oòrùn yìí kan náà, tí kì í yọ́? Mo lọ ra sítáàsì ní Ọjà Jagun. Ìyá tó ń tà á ní, "Ìyá nọ́ọ̀sì, aṣọ ta lẹ fẹ́ lọ̀ tó pọ̀ tó yìí?" Mo ní ọgbẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó wò mí, kò sì fi ènì kankan sí i.

Mo rò ó kó ki, mo kán gilisẹ́ríìnì sí i kí ó má baà sán, mo sì fi kòkó pa á láró títí ó fi bá ara ọmọ náà mu. Ohun tí àpótí olówó ńlá kò lè ṣe nìyẹn. Ẹ ya tíṣù kí ó ku awẹ́ kan péré, ẹ tẹ́ ẹ sí apá, ẹ fi sítáàsì pa á, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ tún tẹ́ òmíràn lé e. Bí kò bá síná, abẹ̀bẹ̀ ni. Tó bá gbẹ tán, ẹ fi igi ìtayín ya àárín rẹ̀, ẹ gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ fi èédú kékeré kun ìsàlẹ̀ kó lè jìn, kí ẹ tó kán ẹ̀jẹ̀ sí i. Òógùn lè mú un rọ̀ díẹ̀, àmọ́ kì í rìn.

Fún iná tó jó èèyàn, ẹ kán Vaseline sábẹ́ tíṣù náà, yóò lé ròrò bíi ti gidi. Èyí dára débi pé akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè epo pupa. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ dín in ni?" Omi tútù tó ń ṣàn ni, fún 20 ìṣẹ́jú, kò sí epo, kò sí ọṣẹ ìfọyín.

Bó bá jẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti lu èèyàn ni ẹ fẹ́ ṣe, ẹ má fi pupa dá ara yín láàmú. Kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára dúdú. Àwọ̀ sóbò tó sún mọ́ dúdú ni kí ẹ lò. Ẹ fi gbogbo ohun tí ẹ pò kan abẹ́ apá ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ lè mọ̀ bóyá yóò máa yún un. Kí ẹ sì sọ fún aṣọ́gbà ṣáájú, nítorí tiwa ti ṣí géètì, ó ti dá ọkọ̀ dúró kí n tó gbọ́. Aṣọ funfun kọ́ ni kí ẹ wọ̀ o: aró kéèkì yẹn kì í kúrò lára yunifọ́ọ̀mù.