Tí ara bá ń yún ẹni tó ń ṣe dáyálísíìsì

Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe àìsàn tó ń ràn. Kíndìnrín tí ò ṣiṣẹ́ mọ́ ló sábà máa ń fa ara yíyún yẹn, ìdí nìyẹn tí ìpara tí wọ́n ń pò lọ́jà ò fi ràn án, pàápàá èyí tó ń bóra, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sá fún un.

Dáyálísíìsì yẹn gan-an, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ dípò kíndìnrín, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ló yẹ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ṣe é, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà ńbí tó jẹ́ àpò ara wa la fi ń sanwó, ẹlòmíì ń ṣe ẹyọ kan lọ́sẹ̀, ó tún máa ní kí nọ́ọ̀sì yọ òun kí àkókò tó pé torí ó ti sú u. Ohun tí ò jáde nínú ẹ̀jẹ̀, ara ló máa gbà á. Tówó ò bá tiẹ̀ ká ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé wákàtí tẹ́ ẹ ti sanwó ẹ̀.

Ẹ ní kí dókítà yẹ fọ́sífétì (èròjà inú oúnjẹ tó máa ń pọ̀ lára tí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́) àti PTH (họ́mónù tó ń darí kálísíọ́mù àti fọ́sífétì) yín wò. Tí wọ́n bá fún yín ní calcium carbonate tàbí sevelamer, oògùn tó ń mú fọ́sífétì, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń jẹun lẹ máa lò ó, tẹ́ ẹ bá lò ó láìjẹun kò ní rí fọ́sífétì oúnjẹ kankan mú, owó ṣòfò nìyẹn. Ẹ dín Coke, sọ́séèjì àti ẹran inú agolo kù, àmọ́ ẹ má pa ẹyin àti ẹja tútù tì o, ara yín ṣì nílò puroteni.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi wẹ̀, ọṣẹ tí ò ní òórùn, ẹ má fi kànhìnkànhìn bó ara. Tí ara bá ṣì tutù díẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ fi òrí tàbí Vaseline pa á, àárọ̀ àti alẹ́, ìgbà ọyẹ́ ẹ tún ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé èékánná.

Piriton tí gbogbo kẹ́místì ń tà yẹn, oorun ló ń fúnni jù, kì í sábà mú yíyún yìí lọ. Oògùn gabapentin ni kẹ́ ẹ bi dókítà, 100 mg lẹ́yìn dáyálísíìsì ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má dá a rà o, kíndìnrín ló yẹ kó gbé e jáde, tó bá pọ̀ lára ẹ máa máa tòògbé, ẹ lè ṣubú. Wọ́n tún ní abẹ́rẹ́ difelikefalin tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021, àmọ́ kò wọ́pọ̀ ńbí. Àgbo ńkọ́? Ẹ gbé e sílẹ̀ jàre, pọtásíọ̀mù, iyọ̀ kan tó lè wà nínú ẹ̀, tó bá pọ̀ lára lè dá ọkàn dúró.

Tí ẹsẹ̀ ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ sùn lóru, tó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ ṣáà máa gbé e, ẹ sọ ọ́, ó lè jẹ́ áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) ló kéré. Tí iṣan bá ń fà yín lórí ẹ̀rọ, ẹ dín iyọ̀ àti omi kù, torí omi tí wọ́n ń fà lẹ́ẹ̀kan ló pọ̀ jù.

Tí yíyún bá bẹ̀rẹ̀ lójijì lórí ẹ̀rọ tí ojú ń wú tàbí èémí ò já geere, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Tójú abẹ́rẹ́ tàbí ojú ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ bá pọ́n, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà wà ńbẹ̀, ọsibítù lẹ ń lọ lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de ọjọ́ dáyálísíìsì.