Ilé iṣẹ́ yìnyín Grimsby: ohun tí fọ́tò kan ṣoṣo fojú mi rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, fọ́tò ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ lò o, owó tí wọ́n sì gbà lọ́wọ́ mi lórí ẹ̀ ju gbogbo owó tí mo ná lórí ìyókù iṣẹ́ yẹn lọ. Mo san án tán, wọ́n tún ní kí n wá san òmíràn lórí fọ́tò kan náà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Grimsby ni mò ń gbé, ìlú apẹja létí òkun lápá ìlà oòrùn England, mo sì ń ṣe másítà lórí títọ́jú ilé àtijọ́. Wọ́n ní kí kálukú mú ilé kan kó kọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n dá a sí. Àwọn tá a jọ ń kàwé sáré lọ mú ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn olówó ayé ijọ́un. Èmi mú ilé iṣẹ́ yìnyín tó wà ní èbúté, ilé bíríkì gbàǹgbà tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1900, tí wọ́n sì tì pa ní 1990, fèrèsé ẹ̀ ti fọ́, ẹyẹlé ló ń gbébẹ̀ báyìí. Àwọn ará wa tá a jọ wà níbí ń bi mí pé kí ni mo rí nínú ahoro yẹn.

Ohun tí mo rí nìyí. Ẹja kì í dúró dèèyàn. Nígbà tí ọkọ̀ apẹja Grimsby bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jìnnà dé ọ̀dọ̀ Iceland, ẹja ì bá ti rà kí wọ́n tó padà dé, yìnyín ló gbà á sílẹ̀, òun náà ló jẹ́ kí rélùwéè lè kó ẹja tútù dé àárín ìlú tí ò mọ òkun rárá, kí mẹ̀kúnnù ibẹ̀ náà lè rí ẹja jẹ. Kí ilé yìí tó wà, Norway ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òkun kó yìnyín wá, Norway tó ń fi panla ránṣẹ́ sí wa nílé náà nìyẹn o. Tí òtútù ò bá wá mú dáadáa lọ́hùn-ún lọ́dún kan, yìnyín á wọ́n. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé yìí nìyẹn, kí wọ́n lè máa fọwọ́ ara wọn ṣe é.

Inú ilé yẹn gan-an ni iyì ẹ̀ wà, kì í ṣe ara bíríkì. Ní nǹkan bí 1931 wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá mẹ́rin tí iléeṣẹ́ J&E Hall ti Dartford ṣe síbẹ̀, iná mànàmáná ló ń gbé wọn ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ yẹn á fún gáàsì ammonia pọ̀, á gbóná, wọ́n á mú ooru yẹn kúrò lára ẹ̀, tó bá wá tún ráyè fẹ̀, á mú omi iyọ̀ tutù rinrin, omi iyọ̀ ò ní dì nítorí iyọ̀ inú ẹ̀, àmọ́ omi lásán tí wọ́n rọ sínú agolo gígùn tí wọ́n rì sínú ẹ̀ á dì gbagidi. Wọ́n á wá fọ́ ọ wẹ́wẹ́, bẹ́líìtì á gbé e lókè títí dé inú ọkọ̀ apẹja. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, wọn ò tíì tú wọn tà fún oníṣòwò irin títí di bá a ṣe ń sọ yìí! Abájọ tí ìjọba fi fi ilé náà sí Grade II*, ìpele tó jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún ilé tí wọ́n dáàbò bò, bíi mẹ́fà péré ló débẹ̀. World Monuments Fund, ẹgbẹ́ kan tó ń dá ibi àtijọ́ sí káàkiri ayé, náà fi í sínú àkọsílẹ̀ 2014 wọn, lára àwọn ibi tó wà nínú ewu.

Kíkọ ọ́ ò le, Historic England, àjọ tó ń rí sí ilé àtijọ́ ní England, ti gbé ìlànà jáde láti 2008, nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ English Heritage: ẹ̀rí tí ilé náà jẹ́, ìtàn ẹ̀, ẹwà ẹ̀, àti ohun tó já mọ́ fáwọn ará ìlú. Mo tẹ̀ lé e, ó sì dùn mọ́ olùkọ́ mi débi tó fi ní kí àwọn yòókù wá kà á.

Fọ́tò ni wàhálà. Èèyàn ò lè ṣàdédé wọ ilé yẹn, ó ti bàjẹ́ jù, mo sì fẹ́ káwọn èèyàn fojú rí ẹ̀rọ yẹn nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo wá rí fọ́tò kan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tó ń ta fọ́tò àtijọ́, mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ wò ó, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n kọ ń béèrè pé ìwé àbí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà mélòó, ọdún mélòó, England nìkan àbí gbogbo ayé, ṣé ojú ewé kan ló máa gbà àbí ìdajì, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló sì ń gbówó lé e. Mo kọ ọ́ tán, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́, wọ́n ní kí n tún fọ́ọ̀mù náà kọ. Mo tún un kọ, mo sanwó, nígbà tí fọ́tò máa dé, wọ́n ti kọ orúkọ tiwọn gàdàgbà sáàárín ẹ̀, ó di ìgbà tí mo pariwo kí wọ́n tó fi èyí tó mọ́ ránṣẹ́.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Bàbá kan ládùúgbò tó ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ apẹja rí ló ka iṣẹ́ mi, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé pẹlẹbẹ káwọn ọmọ ìlú lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi dùn gan-an. Ni àwọn oní-fọ́tò bá ní ti iléèwé nìkan ni owó tí mo san, pé ti ìwé pẹlẹbẹ yàtọ̀, kí n san òmíràn, tọ́dún bá sì yí po kí n tún san. Lórí ìwé tí a ò tà! Ẹnu yà mí. Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbọ́.

Mo bá yọ fọ́tò wọn dànù. Mo lọ sí Geograph, níbi táwọn èèyàn ti ń gbé fọ́tò tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yà sí, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ ṣáà kọ orúkọ ẹni tó yà á kí ẹ sì tẹ̀ lé àdéhùn ẹ̀, mo mú èyí tó fi ìta ilé náà hàn. Ní ti ẹ̀rọ inú, mo jókòó mo fọwọ́ ara mi yà á, bí ammonia ṣe ń yí po láti ibì kan dé ìkejì, níbi tó ti gbóná, níbi tó ti tutù. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn ti jáde, àwòrán yẹn làwọn ọmọ kékeré ń tọ́ka sí jù.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ ilé náà lórí ìkànnì Historic England, ọ̀fẹ́ ni, ó sì kún. Máàpù àtijọ́ wà lórí ìkànnì National Library of Scotland, ti England náà wà níbẹ̀, ẹ máa rí bí èbúté ṣe ń fẹ̀ sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Fọ́tò lẹ fi ṣe ìkẹyìn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí owó yẹn kárí sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀.