Bí A Ṣe Dá Àpò Àánú Sílẹ̀ Nínú Ìjọ Wa Láì Tú Àṣírí Ẹnikẹ́ni

Wọ́n pe ìyá kan jáde síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n fún un lówó nínú àpòòwé, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Ìlà kejì ni mo jókòó sí. Mo rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n nígbà tó ń gbà á. Oṣù mẹ́ta la ò fi rí i mọ́. Nígbà tí mo lọ kí i nílé, ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò bò mí láṣìírí." Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ náà.

Mo lọ bá pásítọ̀ wa pé kí á dá àpò àánú sílẹ̀, owó tí a ó máa fi ran ẹni tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́ láì pè é jáde. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 la kọ́kọ́ kà: wọ́n ń gbójú fo àwọn opó kan nígbà ìpín ojoojúmọ́, ìjọ sì yan ọkùnrin 7 tó lórúkọ rere láti mójú tó o. Àwa yan ẹni mẹ́ta: èmi, akápò kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti ìyá àgbà kan tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń tú ọkàn wọn fún. A ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní báńkì. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, pásítọ̀ kò sì sí lára wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kó rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa nàka sí i. Ọrẹ àkànṣe oṣooṣù ló ń wọ ibẹ̀.

Ẹnì kan ní kí á má fún ẹni tí kì í san ìdámẹ́wàá. Mo bínú gan-an. Ẹni tí kò rí owó ilé san, kí ló fẹ́ fi san ìdámẹ́wàá?

Ibi tí a ti jiyàn jù ni ọ̀rọ̀ yíyá-ni-lówó. Akápò fẹ́ kí á máa yá wọn, kí owó lè máa yí. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ajigbèsè a máa sá fún ẹni tó jẹ lówó. Bó bá wá jẹ́ ìjọ ló jẹ lówó, ilé ni yóò máa jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi. Alẹ́ ọjọ́ méjì la fi fa ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀bùn ni kó jẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá ni bàbá kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbèsè oríṣiríṣi ló kà sílẹ̀ fún wa, ohùn rẹ̀ ò fẹ́ jáde. Ìyá àgbà mú bébà, ó bi í léèrè ohun tó ń wọlé, ohun tó jẹ, àti ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa pé. Bébà yẹn ló fi hàn wá pé owó ilé ló jẹ́ kánjúkánjú jù: ọjọ́ méje péré ni onílé fún un. Àkáǹtì onílé la san án sí tààrà. Ọmọ ìjọ kan bá a tún lẹ́tà ìwáṣẹ́ kọ, láì mọ̀ pé a san ohunkóhun.

Àṣìṣe wa ni pé a ná gbogbo owó oṣù àkọ́kọ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíràn sì wá, a ò ní nǹkan kan. Láti ìgbà náà, ìdá kan nínú mẹ́ta kì í jáde àfi tí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì. Bí a bá sì ń jíhìn fún ìjọ, iye ilé tí a ràn lọ́wọ́ àti iye owó nìkan la máa ń kà, kò sí orúkọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìgbà tí a san owó ilé bàbá yẹn, ó wọlé, ó jókòó sí àyè rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, ó ṣí ìwé orin. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn wò ó.