Gbèsè Oúnjẹ Ọ̀sán ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjọba Amẹ́ríkà: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Mọ̀

Bí ọmọ yín bá wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà, wọ́n sábà máa ń ṣí àkáǹtì oúnjẹ fún un nígbà tí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ ìwé. Ní kafitéríà, á gbé àwo rẹ̀ dé iwájú ẹni tó ń ṣírò owó, á tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fún un, á sì lọ jókòó. Ẹnikẹ́ni ò ní kí ó mú owó wá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń rò pé ọ̀fẹ́ ni. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá jẹ́ dọ́là 3, tí ọmọ méjì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, dọ́là 30 nìyẹn lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, gbèsè ti di dọ́là 120, íméèlì tí wọ́n fi ń kìlọ̀ sì wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ wà. Ní California, Maine, Minnesota, New Mexico, Vermont àti Massachusetts, oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Texas, Georgia àti Maryland, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ lè wà lábẹ́ ètò CEP, tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ á máa jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ láìjẹ́ pé òbí kọ fọ́ọ̀mù kankan. Ẹ bi akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ léèrè bóyá CEP ni wọ́n.

Bí kì í bá ṣe CEP, fọ́ọ̀mù tí òbí fi ń béèrè oúnjẹ ọ̀fẹ́ tàbí ẹ̀dínwó ló kù, ẹ sì kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ ọmọ sílẹ̀ gan-an. Ojú máa ń ti àwọn kan láti kọ ọ́, ẹ̀rù ìmígíréṣọ̀n sì máa ń ba àwọn mìíràn. Fọ́ọ̀mù náà kì í béèrè irú físà tí ẹ fi wọlé. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà Social Security ti àgbàlagbà tó fọwọ́ sí i ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tí kò bá ní in, àpótí kan wà níbẹ̀ tó máa fàmì sí.

Owó tó ń wọlé báyìí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe owó oṣù tí ẹ ń gbà n'Íbàdàn kí ẹ tó wọ bàálù. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ á kọ 0. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á kọ iye tó wà kí wọ́n tó yọ owó orí, àfi ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, bí àwọn tó ń wa Uber, tó máa kọ́kọ́ yọ ìnáwó iṣẹ́ náà. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé kò ṣeé yọ, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n màmá tó wá ń bá yín gbé, tí ẹ jọ ń jẹ nínú owó kan náà, wà lára ẹni tí ẹ ó kà, iye èèyàn ilé sì ń gbé ààlà owó sókè. Fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, ilé elérò mẹ́rin tí owó rẹ̀ kò kọjá dọ́là 41,795 lọ́dún ń jẹ ọ̀fẹ́. Tí kò bá kọjá 59,478, ẹ̀dínwó ni: sẹ́ǹtì 40 ni oúnjẹ ọ̀sán ò gbọdọ̀ kọjá, sẹ́ǹtì 30 sì ni ti àárọ̀. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń gba SNAP, ìyẹn owó ìrànwọ́ oúnjẹ ti ìjọba, gbogbo ọmọ ilé náà ti wọ ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Gbèsè tí ọmọ ti jẹ kí fọ́ọ̀mù tó wọlé kì í pa rẹ́, òbí ló máa san án. Ọdọọdún ni ẹ ó sì tún un kọ. Àyè tí wọ́n fún yín lọ́dún tó kọjá kò kọjá ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun, ìdí sì nìyẹn tí gbèsè fi máa ń yọjú lójijì ní ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí nínú oṣù kẹwàá. Bí wọ́n bá kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yẹ owó tí ẹ kọ wò, ẹ fi ìwé owó iṣẹ́ ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tí kò bá fèsì, wọ́n á gba ọ̀fẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ tó ń jẹ ọ̀fẹ́ náà lè jẹ gbèsè. Chips, júùsì àti oúnjẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì kò sí nínú ọ̀fẹ́. Èyí tó tún ń rú òbí lójú ni ti àwo fúnra rẹ̀. Oríṣi oúnjẹ márùn-ún ni wọ́n ń gbé kalẹ̀: èso, ẹ̀fọ́, oúnjẹ ọkà, ẹran tàbí ohun tó rọ́pò rẹ̀, àti wàrà. Níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣà, bíi ti high school, ó gbọ́dọ̀ mú mẹ́ta ó kéré tán, ààbọ̀ ife èso tàbí ẹ̀fọ́ sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá mú pizza àti wàrà nìkan, tó kọ ẹ̀fọ́ òyìnbó sílẹ̀, wọ́n lè ṣírò owó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kódà bó jẹ́ ọlọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ́ ọ kó máa mú ápù kan sórí àwo. Ẹ sì sọ fún ọ́fíìsì oúnjẹ pé kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa fún ìpanu.

Bí gbèsè bá ti wà, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ pe ọ́fíìsì oúnjẹ ti dísítíríìtì, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àdúgbò yín, kì í ṣe tíṣà ọmọ. Láti oṣù keje 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ìlànà gbèsè oúnjẹ wà ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ gbà á, kí ẹ kà á. Àwọn kan máa ń fún ọmọ tó jẹ gbèsè ní sáńwíìṣì tútù dípò oúnjẹ gidi, ó sì ń bí wa nínú, torí ọmọ kọ́ ló jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mú owó oúnjẹ òní lọ́wọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní oúnjẹ òní. Wọn ò gbọdọ̀ fi owó náà dí gbèsè àná. Ọmọ tó wà lórí ọ̀fẹ́, wọn ò gbọdọ̀ fi oúnjẹ rẹ̀ dù ú nítorí gbèsè. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún ìsanwó díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi íméèlì tì í lẹ́yìn. Ẹ béèrè bóyá owó àwọn olóore wà nílẹ̀, torí dísítíríìtì kò gbọdọ̀ fi owó oúnjẹ tí ìjọba àpapọ̀ fún un pa gbèsè rẹ́. Ẹ san án ní ilé ẹ̀kọ́ bí orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń gba owó lé e.

Ní 2019, dísítíríìtì kan ní Pennsylvania kọ̀wé sí àwọn òbí pé wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ wọn nítorí gbèsè oúnjẹ. Àwọn aláṣẹ county (ìjọba ìbílẹ̀) ibẹ̀ ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, dísítíríìtì náà sì tọrọ àforíjì. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ má sá fún ilé ẹ̀kọ́.

Bí ẹ bá ń kó lọ sí dísítíríìtì mìíràn, ẹ kọ fọ́ọ̀mù tuntun níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí owó bá ṣẹ́kù nínú àkáǹtì àtijọ́, ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ kí ẹ tó lọ.